Káfíńtà Tó Wá Tọrọ Ọmọ Rẹfirí

Bí fèrè bá dún lẹ́ẹ̀kan, omi ni Bàbá ń fẹ́. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ kí wọ́n yí òun padà lórí àga. Bó bá dún gbọọrọ láìdánu dúró, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣe ohun tí kò bófin mu nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá sì ń fẹ́ kí ọmọbìnrin òun fi ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Rẹfirí ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, nítorí ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ó ti di ọdún kẹfà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, tó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Òkè àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló sì wà láàárín ẹnu ọ̀nà wọn àti ojú títì. Bàbá kò tíì fẹsẹ̀ kan ọ̀kan nínú wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gòkè dé láti ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ méjì ló bí. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń wá kí wọn lọ́dún. Obìnrin ni àbúrò, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Aránwé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí bébà bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ti ká a bó ṣe yẹ, òun ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó lẹ èèpo mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé ìwé tí Aránwé bá rán, ẹni tó ń kà á ni yóò kọ́kọ́ gbó. Aago mẹ́rin ni iṣẹ́ ń parí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni fèrè ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti ń mú ọmọ lọ sílé ìwé, òun kò sì mọ bí ojú títì ṣe ń rí ní ìrọ̀lẹ́ mọ́, àfi láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ilé náà máa ń kún. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà àti Télọ̀ yóò gòkè wá. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ó sì ní ìwé pélébé kan tó ń kọ iye àmì tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan gbà wọlé sí. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ wà, ó kàn fẹ́ràn ariwo ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jù lọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìnagijẹ méjì ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ìjì ni àkọ́kọ́. Kò sí ọjọ́ tí kì í gba àmì ọgbọ̀n wọlé, bó bá sì fò sókè, a máa ń dà bíi pé ó gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀. Onísùúrù ni èkejì. Onísùúrù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó ń fún ẹlòmíì ni, ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá ni, ó ń sáré padà nígbà tí àwọn yòókù bá ń fọwọ́ lẹ́rán.

Ìjì ni Rẹfirí mú. Nítorí náà, Ìjì ni gbogbo ilé mú.

Ní Sátidé kan bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Kékeré ló mú un wá. Àbúrò ìyá Aránwé ni Ìyá Kékeré, agbẹ̀bí ni, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Dókítà ti sọ fún un pé bí Bàbá bá rí nǹkan dì mú lára ògiri, tó ń fi kọ́ ìrìn díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè padà ṣiṣẹ́. Bí Káfíńtà ṣe dé nìyẹn pẹ̀lú igi gígùn mẹ́rin tó ti fá títí ó fi ń dán. Ọkùnrin tó ga ni, bí ẹni ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó kí gbogbo wọn, ó tẹrí ba fún Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri.

Rẹfirí kò lè rí ènìyàn tuntun kó má yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìwọ káfíńtà, ṣé o máa ń wo bọ́ọ̀lù?"

"Mo máa ń wò ó, Bàbá."

"Ta ló yẹ ká fún ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yìí?"

Aránwé wà ní kíṣìnì, ó ń da omi gbígbóná sínú ife. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: "Sọ pé Ìjì ni, arákùnrin, kí ọjọ́ lè dùn."

"Onísùúrù ni, Bàbá."

Télọ̀ pàtẹ́wọ́ nítorí pé ìjà dé. Tíṣà ti ṣí ìwé rẹ̀. "Àmì mẹ́tàlá péré ló ń gbà wọlé lójúmọ́! Mẹ́tàlá! Ìjì ń gba ọgbọ̀n. Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Káfíńtà kò gbójú kúrò lára ògiri. "Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí orúnkún dun Onísùúrù, sà. Ìdíje mẹ́wàá ni wọ́n ṣe láìsí i, mẹ́jọ ni wọ́n pàdánù. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tẹ́lẹ̀ wá ń jù ú lu irin. Bí ẹ bá yọ Ìjì kúrò, ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá yọ Onísùúrù kúrò, kò sí ẹgbẹ́ mọ́ nìyẹn."

"Káfíńtà ni ọ́ lóòótọ́," ni Rẹfirí wí. "Igi lo mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aránwé gbé tíì wọlé fún wọn lórí tíréè. Bó ṣe tẹ̀ síwájú Káfíńtà kó lè gba tirẹ̀, ọkùnrin náà wò ó lójú.

"Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ mú?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré. Láti kékeré ni Aránwé ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí pápá, tó ń bá a gbé báàgì. Ó mọ òfin bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ àríyànjiyàn ọjọ́ Sátidé láti kíṣìnì fún ọdún mẹ́fà, ó ń dá gbogbo wọn lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí. Ohun kan gbéra nínú àyà rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé Onísùúrù ni. Ó fẹ́ sọ pé ohun tí Káfíńtà wí kò tilẹ̀ tíì tó. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ojú bàbá rẹ̀.

"Ìjì ni," ló sọ.

"Ọmọ mi gan-an nìyẹn!" Bàbá fọn fèrè fún ìdùnnú.

Káfíńtà gba ife tíì. Ó kàn wò ó bí ó ṣe máa ń wo pátákó tó jọ pé ó tọ́, àmọ́ tí ọwọ́ òun ti mọ̀ pé ó wọ́ níbì kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kan igi náà mọ́ ògiri, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé kíṣìnì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó béèrè ibi tí ilé ìtẹ̀wé wà.

*

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ló ti mọ Káfíńtà. Ìsinmi ọ̀sán wọn jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó ń wá jókòó ti Aránwé lórí àwọn páálí bébà tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á jọ pín búrẹ́dì àti ẹyin sísè. Ìyẹ̀fun pátákó wà ní irun apá rẹ̀. Gọ́ọ̀mù wà ní èékánná Aránwé. Àbúrò mẹ́ta ni Káfíńtà ti tọ́ dàgbà kó tó ráyè ro ti ara rẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ wọn láìkáàánú ara rẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn," Aránwé sọ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kan. "Onísùúrù ni mo mú."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kí n wá já ọmọ Rẹfirí nírọ́ níwájú Rẹfirí? Mo ṣì fẹ́ parí iṣẹ́ mi o."

Aránwé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ gbogbo ohun tó ti ń pa mọ́ fún un: bí Onísùúrù ṣe ń yí èjìká kí ọ̀tá lè gba ọ̀nà tí kò tọ́, bí ó ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Káfíńtà gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Nígbà tí Aránwé dákẹ́, Káfíńtà ní: "Mo fẹ́ kí o máa bá mi sọ̀rọ̀ báyìí títí n ó fi darúgbó."

Inú Aránwé dùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, inú rẹ̀ bà jẹ́, torí ó wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù.

Ìyá Kékeré ni wọ́n rán sí Bàbá. Ó yan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ tó dáa, ó sì kọ́kọ́ fi ìlera bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Aránwé dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó ń tẹ́tí.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan wà tó ń fẹ́ ọmọ yín. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n. Káfíńtà tó kan igi yẹn ni."

Bàbá wo igi tó wà lára ògiri. "Onísùúrù ló mú," ló wá sọ.

"Kí lẹ wí?"

"Ẹni tí kò mọ ẹni tó yẹ ká bọlá fún, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iyì ọmọ mi? Mi ò fọwọ́ sí i."

"Nítorí bọ́ọ̀lù? Ẹ̀yin yìí, ṣé orí yín pé?"

"Orí mi pé. Ẹsẹ̀ mi ni kò pé. Ṣé o ti rò ó pé bó bá lọ, ta ni yóò gbé mi dìde láàárọ̀? Ṣé ìwọ ni?"

Ìyá Kékeré dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó fa Aránwé mọ́ra lórí àtẹ̀gùn. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fún un ní àkókò díẹ̀. Á rọ̀."

Kò rọ̀. Ṣe ni àìsàn náà tún ń le sí i. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá kò fẹ́ di igi ara ògiri mú mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti kú tán. Fèrè tó máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹwàá nírọ̀lẹ́ wá ń dún lógún ìgbà. Bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin bá pe Bàbá lórí fóònù, á ní: "Ṣé ẹ rí i bí àbúrò mi ṣe ń gbìyànjú?" Bàbá á sì dáhùn pé: "Ìwọ náà ń gbìyànjú, ọmọ mi. Ìwọ ni ògo mi." Aránwé á máa fọ ife lọ, á fọ èyí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

*

Wọ́n fún Ìjì ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún náà. Ọdún bọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn sì tún bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ṣì ń wá sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Àmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í gùn sí i, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò gbé búrẹ́dì wá. "Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ ní ìlú tó wà lẹ́yìn odò," ló sọ. "Ilé ìwé ńlá kan. Àga àti tábìlì gbogbo kíláàsì ni mo fẹ́ ṣe. Ọdún kan ni, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wá ká jọ lọ."

"Bàbá ńkọ́?"

"Àbúrò mi obìnrin ti ní òun á máa wá tọ́jú wọn títí a ó fi rí ẹni tó dáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà wà. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Ìwọ ṣáà sọ pé o fẹ́."

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ni. Ó ro bàbá rẹ̀ lórí àga, ó ro àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ro ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

"Kò ṣeé ṣe," ló sọ. "Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe dè mí mọ́lẹ̀?"

Káfíńtà dìde. Kò gbóhùn sókè. "Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé Bàbá nìkan ló dè ọ́. Ní báyìí, mi ò mọ̀ mọ́. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní pé ta lo mú, ojú Bàbá lo wò kí o tó dáhùn. Mo tún bi ọ́ lónìí, ojú Bàbá náà lo tún ń wò, bẹ́ẹ̀ wọn ò sí níbí."

Ó lọ. Aránwé padà sídìí iṣẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ní láti sọ bébà tó ta ẹ̀jẹ̀ sí nù.

Oṣù méje kọjá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ìyá Kékeré ló ń gbé ìròyìn wá: pé Káfíńtà ń bẹ láàyè, pé ó ti rù díẹ̀, pé kò tíì fẹ́ ẹlòmíì. "Ṣùgbọ́n kò ní dúró títí láé o," ni yóò fi kún un. "Ọkùnrin kì í ṣe òkúta." Nígbà míì, bí fèrè bá dún, Aránwé máa ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ṣé inú òun kì í dùn díẹ̀ báyìí, nítorí pé bí wọ́n bá ti ń pe òun, òun kò ní láti ronú. Ìrònú náà bà á lẹ́rù ju fèrè lọ.

*

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ẹ̀rọ ńlá ilé ìtẹ̀wé dákẹ́ lójijì ní aago mọ́kànlá. Ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Aránwé gun àtẹ̀gùn wọn jẹ́jẹ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn.

Rédíò ń pariwo ní kíṣìnì. Àwọn ènìyàn ń pe ilé iṣẹ́ rédíò láti orí fóònù, wọ́n ń sọ ẹni tó yẹ kó gba àmì ẹ̀yẹ. Ọ̀kan nínú wọn ń yin Ìjì. Bàbá Aránwé sì dúró ṣánṣán sídìí sítóòfù, ó ń da omi gbígbóná sí ife, ó sì ń bá rédíò jà.

"Òpè ni ọ́! Ṣé o ò lójú ni? Onísùúrù ni! Tèṣí ni ó ti yẹ kí wọ́n fún un! Èmi tí mo ti ṣe rẹfirí fún ọdún mọ́kànlélógún ló ń sọ fún ọ!"

Ó gbé ife náà, ó fi apá òsì fara ti igi ara ògiri, ó yí padà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ń lọ. Ó ń lọ dáadáa. Ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́fà kó tó gbójú sókè.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá," Aránwé wí.

Ife já bọ́, ó sì fọ́. Bàbá wo àga rẹ̀, àmọ́ àga jìnnà. Kò sí ibi tó fẹ́ sá sí.

"Láti ìgbà wo?" ni Aránwé bi í.

Rédíò ṣì ń pariwo. Bàbá na ọwọ́, ó pa á.

"Láti ìgbà tí àbúrò ìyá rẹ ti wá sọ̀rọ̀ káfíńtà."

"Ó lé lọ́dún kan nìyẹn. Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé yín dìde láràárọ̀. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, Bàbá. Mo ń fi òróró pa á kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Onísùúrù ńkọ́? Láti ìgbà wo lẹ ti mú Onísùúrù?"

Bàbá fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ṣúgà. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ bọ́ọ̀lù o, mi ò kì í ṣe òmùgọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, tó bi ọ́ ní ìbéèrè, mo rí ojú rẹ. Mo ní, ẹni tó máa mú un lọ ti dé nìyí. Ìyá rẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń rí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo kàn ń wá nǹkan tí n ó fi kọ̀ fún un ni, bọ́ọ̀lù ló wà nítòsí."

Aránwé ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí irú ọjọ́ báyìí bá dé, òun á pariwo títí gbogbo àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi gbọ́. Kò pariwo. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ife tó fọ́ kúrò lọ́nà kí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ má bàa gé. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó ní:

"Mo ń lọ rí i ní Sátidé. Bí kò bá fẹ́ mi mọ́, màá padà wá, àmọ́ mi ò ní gbé yín dìde mọ́. Bó bá ṣì fẹ́ mi, màá fẹ́ ẹ. Mi ò tọrọ àṣẹ, Bàbá. Mò ń sọ fún yín ni."

Bàbá mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá fi ọwọ́ di igi mú, ó rìn lọ síbi àga rẹ̀, ó jókòó fúnra rẹ̀.

*

Wákàtí mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì fi dé ìlú ẹ̀yìn odò. Aránwé bá Káfíńtà nínú kíláàsì tí kò tíì ní ilẹ̀kùn, ó wà lórí eékún láàárín ogójì tábìlì, ó ń fi bébà yíyi tí wọ́n fi ń dán pátákó ha ẹsẹ̀ ọ̀kan. Ó wò ó, kò dìde.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ Bàbá?"

"Bàbá ló wà lọ́dọ̀ Bàbá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò bú Bàbá. Ó ń ha ẹsẹ̀ tábìlì lọ títí Aránwé fi sọ tán.

"Nítorí pé Bàbá ti jẹ́wọ́ lo fi wá," ló sọ. "Bí wọn kò bá jẹ́wọ́ ńkọ́? Bí wọn kò bá lè rìn lóòótọ́ ńkọ́?"

Ìbéèrè náà gún Aránwé ju abẹ́rẹ́ lọ, torí òun náà ti bi ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó lè parọ́. Ó ti mọ irọ́ pa.

"Mi ò mọ̀," ló sọ. "Ó ṣeé ṣe kí n má wá. Bàbá tì mí mọ́lé, òótọ́ ni, àmọ́ ilẹ̀kùn náà ti mọ́ mi lára. Ẹ̀rù rẹ bà mí. Kì í ṣe pé o burú. Ẹ̀rù bà mí pé o bi mí ní ohun tí mo fẹ́, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ìwọ ni mo fẹ́. Kò sí ẹni tí mo wojú rẹ̀ kí n tó sọ ọ́."

Káfíńtà gbé bébà yíyi sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun pátákó sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú, tí kò fi ríran mọ́.

"Mo bínú sí ọ gan-an," ló sọ, ó ń ṣẹ́jú.

"Mo mọ̀."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Máa bínú lọ. Jẹ́ kí n bá ọ nu ojú."

*

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin gbọ́, ó wọ ọkọ̀ wá lójijì, òun tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Àbúrò mi, ta ni yóò wá máa tọ́jú Bàbá?"

"Ọmọ méjì ni Bàbá bí, ẹ̀gbọ́n mi."

"O mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè."

"Èmi náà níṣẹ́. Wọ́n ti gbà mí sí ilé ìtẹ̀wé tó wà lọ́hùn-ún. Màá máa wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ̀yin ẹ mú èyí tó kù. Ìyá Kékeré á máa yọjú láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé Bàbá ò lè se ẹyin fúnra wọn, irọ́ ló ń pa."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Bàbá pé kí ó gba òun sílẹ̀. Bàbá ń wo ògiri. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ló sọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n fọwọ́ síwèé ní kọ́ọ̀tù. Ìyá Kékeré àti Tíṣà ni ẹlẹ́rìí. Bàbá kò wá. Wọ́n ní kí àwọn gbé e, ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun bí àpò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ òun kò sì lè fara da àtẹ̀gùn yẹn. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí tọkọtaya gòkè láti wá gbé báàgì, wọ́n bá a lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ kóòtù rẹ̀ àtijọ́. Ó wo Káfíńtà láti òkè délẹ̀.

"Tábìlì ìjẹun tó wà nílé rẹ, ṣé ó dúró dáadáa?"

"Ó dúró, Bàbá. Èmi ni mo ṣe é."

"Ọmọ mi kì í fẹ́ tábìlì tó bá ń mì. Bó bá ń mì, kò ní sọ fún ọ o, á kàn máa fi ọwọ́ dì í mú. Kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ."

"Màá máa yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Ó wá kọjú sí Aránwé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó dáa, kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló sọ, "kí bọ́ọ̀sì má bàa fi yín sílẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbéra, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ń sá padà sẹ́yìn, oòrùn ọ̀sán sì tàn sí ìhà ibi tí Aránwé jókòó sí. Kò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Ẹkún ti gbà á, ẹkún tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, tó ń mi èjìká rẹ̀ débi pé obìnrin tó wà níwájú wọn bojú wẹ̀yìn.

"Kí ló dé?" Káfíńtà bi í. "Ṣé ká padà ni? Bá mi sọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́?"

Ó gbìyànjú láti rò ó. Ó wo inú ara rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá tó ti pẹ́ tó ti wọ̀.

"Ebi ń pa mí," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Mi ò tíì jẹun láti àná. Sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró níbi tí wọ́n bá ti ń ta búrẹ́dì."

Káfíńtà dìde láàárín bọ́ọ̀sì, ó sì pe dírẹ́bà.